Bí Orpha Suttles Ṣe Di Iwin Nínú Sinimá

Ní Dutch Hollow, abúlé tiwa láàárín òkè níbí, ilé kan ṣoṣo ló wà lórí òkè tó kọjú sí ilé mi, ilé Àǹtí Orpha Suttles. Ilé pákó alájà méjì ni. Nígbà tí mò ń wí yìí, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, fàráńdà iwájú ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, òrùlé sì ti lu débi pé àwọn ẹyẹ ń wọlé, wọ́n ń jáde, bí ẹni tó háyà yàrá níbẹ̀. Bí bọ́ọ̀sì ilé ìwé bá dé ìsàlẹ̀ òkè náà, ṣe ni àwọn ọmọdé máa ń fọwọ́ bojú. Wọ́n ní iwin ń gbé ibẹ̀. Àwa àgbà máa ń bá wọn wí, ṣùgbọ́n àwa náà, ìwọ̀nba ni a ń yà síbẹ̀.

Èmi máa ń lọ. Ilé mi ló sún mọ́ tiwọn jù, mo sì ń sin adìyẹ, nítorí náà mo máa ń gbé ẹyin lọ fún wọn. Àǹtí Orpha kì í ṣe ẹbí mi, gbogbo àdúgbò ló kàn ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ojú wọn le, ọwọ́ wọn kì í sì í dilẹ̀.

Nígbà tí ọkọ wọn wà láyé, kò sí ilé tó láriwo tó ilé yẹn ní gbogbo òkè yìí. Wendell Suttles lorúkọ rẹ̀. Òun àti àbúrò rẹ̀, Harlis, ni wọ́n jọ ń kọrin lórí rédíò ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Harlis máa ń ta gìtá, Wendell máa ń ta báńjò, tí ohùn àwọn méjèèjì bá sì wọnú ara wọn, ẹni tó ń fún wàrà màlúù á fi korobá sílẹ̀, á wá dúró ti rédíò. Àǹtí Orpha ló ń rán aṣọ tí wọ́n fi ń kọrin, ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó tó ní ìlẹ̀kẹ̀ wínníwínní lọ́rùn. Àǹtí Orpha fúnra wọn kò lè kọrin. Ohùn wọn dà bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró sí, àwọn gan-an ló sì kọ́kọ́ máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti lọ kọrin. Òjò ń rọ̀, Harlis ló ń wa mọ́tò. Tírọ́ọ̀kì tó kó igi gẹdú yọ̀ wá bá wọn ní kọ́nà. Wendell kò dé ilé ìwòsàn kó tó kú. Apá kan ló dá lára Harlis, kò sí nǹkan mìíràn tó ṣe é. Àwọn ọlọ́pàá sọ pé tírọ́ọ̀kì yẹn ló jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹnu ayé. Kó tó di pé wọ́n sin Wendell, àwọn kan ti ń sọ ọ́ káàkiri pé Harlis mutí.

Níbi ìsìnkú náà, mo wà níbẹ̀, mo sì rí i. Harlis na ọwọ́ tí kò dá sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àǹtí Orpha wo ọwọ́ náà, wọ́n wá ki ọwọ́ tiwọn bọ àpò kóòtù. Láti ọjọ́ náà, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Harlis kó lọ sí ìlú mìíràn, ó ń dá kọrin. Tó bá dé ibi tí Wendell máa ń wọlé nínú orin, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ohùn yẹn. Gìtá nìkan ló ń ta kọjá ibẹ̀. Àǹtí Orpha ní tiwọn ti rédíò pa, wọ́n fi aṣọ bò ó, ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó mọ́ wọn lórí.

Bó ṣe wà nìyẹn títí di ìgbà ooru ọdún 1966.

Lọ́jọ́ yẹn, èmi àti Àǹtí Orpha jókòó sí fàráńdà, à ń já ẹ̀wà tútù. Mọ́tò gígùn kan gun òkè wá, eruku gba gbogbo ojú ọ̀nà. Ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀ tó wọ ṣòkòtò péńpé, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó pariwo:

"Òun nìyí! Mo ti rí i! Ẹ wo bó ṣe burú tó! Mi ò rí ilé tó burú báyìí rí láyé mi!"

Àǹtí Orpha gbé abọ́ ẹ̀wà kúrò lórí ẹsẹ̀. "Ilé ta ló burú?"

"Ilé yìí, màdáámù! Ó burú gan-an ni! Kò sí ohun tó dára tó ìyẹn fún mi!"

"Neva," wọ́n pè mí láì gbójú kúrò lára rẹ̀, "lọ bá mi mú ìbọn Wendell wá."

Ọkùnrin náà tètè ṣí fìlà. Ó ní Fenwick ni orúkọ òun, láti California lòun ti wá, òun fẹ́ ya sinimá. Owó òun ò tó láti kọ́ ilé iwin, nítorí náà òun ń wá èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀. Sinimá tí òun fẹ́ ṣe, kí àwọn èèyàn bẹ̀rù níbẹ̀, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì gbọ́ orin àwọn ará òkè, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iwin máa wà níbẹ̀, ìnàkí máa wà níbẹ̀.

"Ìnàkí?" Àǹtí Orpha ní. "Ní Dutch Hollow?"

"Dókítà burúkú kan ló ń sìn ín lábẹ́ ilé, màdáámù."

"Kí ló fẹ́ fi í ṣe?"

Ọ̀gbẹ́ni Fenwick ronú díẹ̀. "A ò tíì kọ ibẹ̀ yẹn."

Mi ò mọ ìgbà tí mo bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí Orpha kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó wọlé wá jẹun, nítorí kò sí ẹni tó ń dé ilé ẹnikẹ́ni ní Dutch Hollow tó máa fi ebi lọ. Ó jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti búrẹ́dì àgbàdo, ó tún gbé abọ́ sílẹ̀ kí wọ́n bu òmíràn sí i. Nígbà tó jẹ èyí náà tán, ó ní tí wọ́n bá lè gbà kí òun lo ilé náà, kí wọ́n sì máa se oúnjẹ fún àwọn èèyàn òun, káfíńtà òun máa tún fàráńdà àti òrùlé ṣe kí àwọn tó lọ.

Wọ́n gbà. Ẹnu yà mí. Nígbà tí mọ́tò náà lọ tán, mo bi wọ́n léèrè ohun tó mú wọn gbà.

Wọ́n ń kó abọ́ nígbà náà. "Ó ti pẹ́ tẹ́nì kan jẹun nínú ilé yìí tó tún tọrọ sí i," wọ́n ní.

Àwọn èèyàn náà kó dé. Kò pẹ́ tí wọ́n dé ni ọkùnrin tó yẹ kó wọ awọ ìnàkí bá Ọ̀gbẹ́ni Fenwick jà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Awọ náà nìkan ló kù nínú àpótí. Coy ọkọ mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí wọ́n ti ilé iṣẹ́ pákó tó ti ń ṣiṣẹ́ pa fún àtúnṣe. Ọ̀gbẹ́ni Fenwick wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ lè rìn bí ìnàkí?"

Kí Coy tó la ẹnu, mo ní, "Bó ṣe ń rìn nìyẹn."

Báyìí ni ọkọ mi ṣe di ìnàkí. Awọ náà ń rùn bí ajá tí òjò pa. Ooru ìgbà yẹn kì í ṣe kékeré, ní gbogbo ìgbà tí wọn ò bá yà á, á bọ́ orí ìnàkí sílẹ̀, á jókòó sábẹ́ igi, á máa mu tíì tútù oníṣúgà láti inú ìgò. Obìnrin kan tó gbé àpù wá tà fún wọn rí i níbẹ̀, ara ìnàkí, orí Coy. Títí di òní, kò gba ọ̀nà ilé wa mọ́.

Wọ́n fi aṣọ dúdú bo gbogbo fèrèsé, kí ọ̀sán lè dà bí òru. Wọ́n fọ́n òwú tín-ínrín káàkiri bí òwú aláǹtakùn. Àǹtí Orpha rí èyí, inú bí wọn. "Aláǹtakùn tèmi gan-an wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ sì gbá a dànù!"

Nígbà tó ṣe, bọ́ọ̀sì tó kó àwọn akọrin dé. Mo wà ní kíṣìnì pẹ̀lú Àǹtí Orpha, à ń po fúláwà fún bisikíìtì, búrẹ́dì kéékèèké tí a ń jẹ gbóná. Wọ́n yọjú lójú fèrèsé láti wo iye ẹni tí wọ́n máa se oúnjẹ fún. Mo rí i tí ọwọ́ wọn dúró nínú fúláwà. Mo yọjú, èmi náà. Àwọn akọrin ti ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń na ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan dúró sí ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, kò sọ̀kalẹ̀, kò padà. Ó ti di eléwú, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Harlis ni.

Ó ti tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú àwọn elésinimá kó tó mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ilé iwin ni wọ́n sọ fún un. Wọn ò sọ fún un pé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

"Àǹtí Orpha," mo ní, "ṣé kí n ní kí wọ́n máa lọ?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í po fúláwà náà padà, wọ́n ń lù ú bí ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n. "Wọ́n ti rìn jìnnà. Kí wọ́n jẹun."

Ọjọ́ wá ń gorí ọjọ́, àwọn méjèèjì wà nínú ilé kan náà, wọn ò fojú kan ara wọn. Harlis kì í dé kíṣìnì. Àǹtí Orpha kì í dé pálọ̀. Tí oúnjẹ bá jinná, èmi ni mò ń gbé abọ́ Harlis lọ fún un lábẹ́ igi. Mo kíyè sí i pé abọ́ tí Àǹtí Orpha bá yà sọ́tọ̀ fún un, bisikíìtì tí ìdí rẹ̀ jóná díẹ̀ ló máa ń wà níbẹ̀. Mo rò pé ìkà ni. Lọ́jọ́ kan tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Harlis, ó mú ọ̀kan, ó wò ó pẹ́.

"Ta ló rán wọn létí pé èyí tó jóná ni mo fẹ́ràn?" ló bi mí.

"Kò sẹ́ni tó rán wọn létí."

 Ó jẹ ẹ́ tán, ó sì lá ìka ọwọ́ rẹ̀.

Ohun tó yí gbogbo rẹ̀ padà ni ewé aláwẹ́ mẹ́ta, èyí tó máa ń yún ni. Obìnrin tó ń ṣe iwin wá láti ìlú ńlá, kò mọ ewé. Ó wọ inú igbó lẹ́yìn ilé lọ tu ara, ewé náà ló sì já fi nu ara, ó tún fi ọwọ́ kan náà nu ojú. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ojú rẹ̀ ti wú, kò lè là á. Gbogbo ara rẹ̀ pọ́n. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, Ọ̀gbẹ́ni Fenwick sì jókòó sórí àpótí, ó gbá orí mú.

"Mo ti tán," ó ní. "Ìran iwin nìkan ló kù. Níbo ni mo ti fẹ́ rí obìnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tó lè dúró láì rẹ́rìn-ín?"

Àǹtí Orpha ń gbé kọfí kọjá nígbà náà. Gbogbo wa yíjú sí wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ má wò mí o," wọ́n ní.

"Màdáámù, mo bẹ̀ yín!"

"Èmi, ìyá àgbà, kí n wá di iwin? Àwọn ọmọ àdúgbò yìí ti ń pè mí ní iwin tẹ́lẹ̀, wọn ò tiẹ̀ fún mi lówó rẹ̀."

"Ojú yín ò ní hàn," Ọ̀gbẹ́ni Fenwick ní. "A máa fi fúláwà kùn ún. Ẹ kàn máa yọ lẹ́yìn kọ́tìnnì, ẹ máa fọwọ́ kan akọrin kan léjìká, ẹ máa kígbe. Ó parí."

"Akọrin wo?"

Kò mọ ìtàn kankan láàárín wọn, ó kàn dáhùn ni. "Harlis."

 Coy tó wọ awọ ìnàkí dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó rọra bọ́ orí náà, ó gbé e mọ́ àyà bí ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún òkú. Mo rò pé wọ́n máa da kọfí náà sí Ọ̀gbẹ́ni Fenwick lára ni. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n gbé e kalẹ̀.

"Ẹ má sọ fún un pé èmi ni," wọ́n ní.

Inú Ọ̀gbẹ́ni Fenwick dùn. Ó ní ohun tí òun fẹ́ gan-an nìyẹn, kí ẹ̀rù bà á ní tòótọ́.

Èmi ni mo fi fúláwà kùn wọ́n lójú. Mo wọ aṣọ funfun fún wọn, mo tú irun wọn sílẹ̀.  Ọwọ́ wọn tutù. Mo mú wọn lọ sẹ́yìn kọ́tìnnì pálọ̀, mo sá padà lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà.

Harlis wọlé pẹ̀lú gìtá, ó jókòó sórí àga, ó kẹ̀yìn sí kọ́tìnnì. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ni kó kọ orin kan, kó gbọ́ ìró lẹ́yìn, kó yíjú padà, kó pariwo. Wọn ò sọ orin tó máa kọ fún un. Kí ló mú un tó fi jẹ́ orin kan nípa ọkọ̀ ojú omi, èyí tí Wendell kọ fún ìyàwó rẹ̀, ló mú bẹnu, mi ò lè sọ. Bóyá nítorí pálọ̀ yẹn ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ó kọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó dé ibi tí Wendell ti máa ń wọlé. Ó dákẹ́, gìtá nìkan ló ń dún.

Kọ́tìnnì ṣí. Àǹtí Orpha jáde, funfun láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ lé e léjìká. Ó yẹ kí wọ́n kígbe. Wọn ò kígbe. Wọ́n kàn sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń jí ọmọ:

"Harlis."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí ẹ̀rù, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí irú èyí. Harlis yíjú padà. Ó gbọ́ ohùn tí kò gbọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, nínú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì rí ojú òkú. Ó fò. Mi ò sọ pé ó dìde, ó fò ni. Gìtá lọ sápá ibì kan, àga lọ sápá ibòmíràn. Ó ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n mú lẹ́sẹ̀, ó sá gba ọ̀nà àbájáde, àbí ta ló dúró síbẹ̀ tó ń retí àkókò tirẹ̀? Ìnàkí! Harlis kọ lu Coy, ó gbá a mú, àwọn méjèèjì yí gbirigbiri kọjá fàráńdà, wọ́n gba orí àtẹ̀gùn bọ́ sílẹ̀. Orí ìnàkí já, ó ń yí lọ nínú ọgbà, ajá wa sì gbá tẹ̀ lé e.

"Coy!" Harlis ń pariwo lórí rẹ̀, bí ẹni tí ẹ̀rù ti gbé iyè lọ. "Coy Hensley! Kí lò ń ṣe nínú ìnàkí?"

"Ó gbé mi mì ni!" Coy dá a lóhùn. "Iṣẹ́ ni mò ń ṣe! Dìde lórí mi!"

Èmi tó ti sá tẹ̀ lé wọn bọ́ sí ọgbà wá gbọ́ ìró kan lókè, lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ̀ ọ́n lákọ̀ọ́kọ́, nítorí ó ti pẹ́. Àǹtí Orpha ni. Ẹ̀rín ni. Wọ́n di òpó fàráńdà mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín tí omijé ń la ọ̀nà sínú fúláwà ojú wọn, wọ́n wá jókòó sílẹ̀ pátápátá nínú aṣọ iwin. Ẹ̀rín wọn máa ń há ní ìparí, bíi ti adìyẹ tó ń pe ọmọ. Harlis gbọ́ ibi tó há yẹn.  Ó gbójú sókè láti orí Coy.

"Sísí?"

Ohun tó ń pè wọ́n láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti mú wọn wálé nìyẹn.

"Èmi ni," wọ́n ní. "Dìde lórí ọkọ Neva kó tó kú."

Ọ̀gbẹ́ni Fenwick ń bi ẹni tó di kámẹ́rà mú bóyá ó yà á. Ó ní òun gbé kámẹ́rà tẹ̀ lé wọn jáde, òun ya gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá náà fẹnu kò ó lórí.

Lẹ́yìn ìyẹn, Àǹtí Orpha àti Harlis lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn kíṣìnì. Mò ń fọ abọ́ lójú fèrèsé, mi ò sì ní díbọ́n pé mo dití. 

"Sísí, mi ò mutí lọ́jọ́ yẹn," Harlis ní.

"Mo mọ̀."

"Wọ́n ń sọ pé mo mutí."

"Mo ní mo mọ̀. Mi ò gbà á gbọ́ rí, ọjọ́ kan péré. Ohun tó bí mi nínú ni pé ìwọ lo padà wálé."

Harlis wolẹ̀. "Ohun tó bí èmi náà nínú nìyẹn."

Mo ti omi pa kí n lè gbọ́. Àǹtí Orpha wá bi í ní ìbéèrè tí mo mọ̀ pé ó ti wà nínú wọn láti ìgbà yẹn.

"Kí ló sọ kẹ́yìn?"

"Ó ń sọ ìtàn adìyẹ yín fún mi," Harlis ní. "Èyí tó ń yé sínú fìlà rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, Sísí. Ó ń rẹ́rìn-ín débi pé kò lè parí ìtàn náà. Ibẹ̀ ló dé. Mi ò mọ bó ṣe parí."

Àǹtí Orpha di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo rí i.

"Ó dé fìlà náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì," wọ́n ní.  "Kò wo inú rẹ̀. Ó ṣí i láti kí ìyàwó pásítọ̀."

"Rárá o!"

"Ẹyin méjì, Harlis. Ọ̀kan fọ́ sí i lórí, ọ̀kan bọ́ sínú àpò ìyá yẹn. Ó ní, 'Ẹ káàárọ̀ o, mo mú nǹkan wá fún yín.'"

Èmi ò lè sọ fún yín ẹni tó sunkún jù nínú àwọn méjèèjì, tàbí ẹni tó rẹ́rìn-ín jù. Èmi náà tó wà lójú fèrèsé, mi ò mọ èyí tí mò ń ṣe. Nígbà tí wọ́n wọlé, fúláwà ti gba gbogbo ojú Harlis. Àǹtí Orpha bu oúnjẹ fún un ní kíṣìnì, ó jẹ ẹ́ lórí tábìlì.

Nígbà ìkórè ni sinimá náà dé pápá sinimá tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí èèyàn máa ń jókòó sínú mọ́tò wòran. Gbogbo Dutch Hollow ló lọ, pẹ̀lú adìyẹ díndín nínú agbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: sinimá náà kò dára. Òṣùpá rẹ̀, páálí ni. Irùngbọ̀n dókítà burúkú náà ń rìn kiri ojú rẹ̀. Bàtà iṣẹ́ Coy hàn gbangba lẹ́sẹ̀ ìnàkí. Wọn ò sì sọ ohun tí ìnàkí náà ń ṣe lábẹ́ ilé títí tó fi parí. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ibi tí kọ́tìnnì ti ṣí, gbogbo mọ́tò dákẹ́. "Harlis," ni iwin náà wí, bẹ́ẹ̀ Buddy lorúkọ rẹ̀ nínú sinimá. Nígbà tí Harlis wá fò, tí orí ìnàkí ń yí lọ, tí ajá wa ń lé e, gbogbo wọn tẹ fèrè mọ́tò. Ariwo náà pọ̀ débi pé ẹni tó ń fi sinimá hàn dá a padà, ó tún fi ibẹ̀ hàn wá lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn ọmọ ilé ìwé kan wá yí mọ́tò wa tí Àǹtí Orpha jókòó sí ká. Èyí tó láyà nínú wọn yọjú sójú fèrèsé.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin ni iwin yẹn?"

"Èmi ni."

"Ẹ tún un ṣe."

Àǹtí Orpha na ọwọ́ sí wọn, wọ́n ranjú. Àwọn ọmọ náà sá, wọ́n ń ké, kò sì pẹ́ tí wọ́n padà wá, wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe sí i. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ ti ń gun òkè wá sílé wọn. Bọ́ọ̀sì á dúró, wọ́n á máa juwọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, pásítọ̀ béèrè ẹni tó ní ọpẹ́. Àǹtí Orpha kò sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì rí láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú. Wọ́n dìde.

"Mo dúpẹ́ fún ewé tó ń yún ni," wọ́n ní. "Mo dúpẹ́ fún ọ̀gbẹ́ni kan tó bú ilé mi. Mo dúpẹ́ fún ìnàkí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mi ò tíì parí. Mo dúpẹ́ pé arákùnrin mi jókòó níbí."

 Harlis wà lórí ìjókòó tó kẹ́yìn, ó fi fìlà bojú.

Káfíńtà Ọ̀gbẹ́ni Fenwick tún fàráńdà ṣe lóòótọ́, ó gbàgbé òrùlé. Harlis àti Coy ló tún un ṣe. Wọ́n ń bára wọn jà lórí rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ lórí ẹni tó kọ lu ẹnì kejì lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó yá, Harlis kó padà wá sí Dutch Hollow pátápátá. Ó gba yàrá ìsàlẹ̀. Ó máa ń ta gìtá ní kíṣìnì, tó bá dé ibi tí Wendell ti máa ń wọlé, Àǹtí Orpha á gbé ohùn wọn sókè láti ibi ìdáná. Ohùn náà burú jáì. Ajá á jáde. Harlis kò sọ fún wọn rí pé kí wọ́n dákẹ́, á tẹ̀ síwájú tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Àǹtí Orpha kọjá ọgọ́rin ọdún kí wọ́n tó fi wá sílẹ̀, nígbà tí òdòdó igi àpù ń yọ. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, wọ́n ní ẹja odò ló ń wù wọ́n jẹ. Coy lọ pa á, mo dín in, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì bá mi jà pé mo fi iyọ̀ púpọ̀ sí i. Harlis jókòó tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń ka ìwé ìròyìn fún wọn, ó ń fo ibi tí ìròyìn burúkú wà. Wọ́n sùn lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ilé mi ló sún mọ́ tiwọn jù, àti pé èmi ni mo máa ń gbé ẹyin lọ.